Abẹ́rẹ́ Dọ́káàsì: Ìtàn Àwọn Obìnrin tí Ń Ránṣọ fún Aláìní

Àsọyé tí a sọ níwájú àwọn ẹgbẹ́ obìnrin ìjọ ní Yaba, ní Èkó



Ọ̀rọ̀ tí a fi lé mi lọ́wọ́ ní ìrọ̀lẹ́ yìí dàbí ohun kékeré lójú ẹlòmíràn. Ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ àti òwú ni, ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin tí wọ́n jókòó yí ara wọn ká, tí wọ́n ń rán aṣọ fún ẹni tí kò ní. Àwa ọkùnrin a máa rò pé kò sí ìtàn nínú irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Lójú tiwa, ìtàn ogun ni ìtàn, ìtàn oyè ni ìtàn. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi sùúrù bá mi lọ, ẹ ó rí i pé ẹgbẹ́ kékeré kan wà ní Abẹ́òkúta, tí aṣọ rírán àti iṣẹ́ àánú jẹ́ apá kan nínú ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, tí ohùn rẹ̀ sì wá mi ààfin Ọba lẹ́yìn náà. Báwo ni abẹ́rẹ́ ṣe dé ibẹ̀? Ìbéèrè tí mo fẹ́ dáhùn nìyí. Ìdáhùn rẹ̀ sì rọ̀ mọ́ ìyàtọ̀ kan tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn: ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ẹgbẹ́ tí ń fún aláìní ní aṣọ, àti ẹgbẹ́ tí ń fún aláìní ní ìjókòó láàárín ara rẹ̀.

Gbogbo ẹgbẹ́ aránṣọ tí ó wà nínú ìjọ Kristi, Dọ́káàsì ni ìyá wọn. Ìtàn rẹ̀ wà nínú orí kẹsàn-án Ìwé Ìṣe àwọn Àpọ́sítélì. Ìlú Jọ́pà ní etí òkun ni ó ń gbé, gẹ́gẹ́ bí àwa pẹ̀lú ti ń gbé etí omi. Nígbà tí ó kú, wọ́n ránṣẹ́ pe Pétérù. Nígbà tí Pétérù sì gòkè lọ sí yàrá òkè, kì í ṣe wúrà ni wọ́n fi hàn án, kì í sì í ṣe ìwé ẹ̀rí. Àwọn opó ni ó bá níbẹ̀ tí wọ́n ń sunkún, tí wọ́n sì ń na ẹ̀wù àti aṣọ tí olóògbé náà rán fún wọn sí i, pé kí ó wò ó. Ẹ kíyèsí ohun kan tí ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń fò kọjá. Dọ́káàsì kò kó aṣọ ránṣẹ́ sí àwọn opó wọ̀nyí láti òkèèrè. Àárín wọn ni ó wà nígbà tí ó ń rán an. Ó mọ orúkọ wọn, ó mọ ilé wọn, ó sì mọ ìwọ̀n apá wọn. Ẹni tí ó fún ni ní aṣọ láìmọ̀ wá, a óò dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó wọn ara wa kí ó tó rán aṣọ fún wa, òun ni a ń sunkún rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a bọ̀ sí ilẹ̀ tiwa. Kí ìwé tó dé, abẹ́rẹ́ kì í ṣe àjèjì ní ilẹ̀ Yorùbá. Àwọn ọkùnrin ni wọ́n sábà ń rán agbádá àti dàńdógó, tí wọ́n sì ń fi òwú ṣe ọnà sí i lára. Àwọn obìnrin ni wọ́n ń ran òwú, tí wọ́n ń hun kíjìpá, tí wọ́n sì ń pa aṣọ láró. Nínú àwọn aládìrẹ pẹ̀lú, àwọn kan wà tí wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ rán ojú aṣọ pọ̀ kí wọ́n tó tì í bọ inú aró, èyí tí a ń pè ní àdìrẹ alábẹ́rẹ́. Nítorí náà, kì í ṣe abẹ́rẹ́ ni àwọn ìyá míṣọ́nnárì mú wá bá wa. Ohun tí wọ́n mú wá ni àṣà kí àwọn obìnrin ìjọ máa péjọ, kí wọ́n sì máa ránṣọ nítorí àánú, láìtà á.

Ọ̀kan nínú àwọn ìyá wọ̀nyí ni Anna Hinderer. Ní 1853 ni òun àti ọkọ rẹ̀, Àlùfáà David Hinderer, dé Ìbàdàn, tí wọ́n sì tẹ̀dó sí Kúdẹtì. Yéjídé àti Akínyẹlé, àwọn ọmọ Olóyè Olúnlóyọ̀, wà lára àwọn ọmọ àkọ́kọ́ tí a fi sábẹ́ ìtọ́jú wọn. Àwọn ọmọ inú ilé náà kọ́ ìwé kíkà, wọ́n kọ́ orin, wọ́n sì kọ́ aṣọ rírán. Àwọn ọ̀rẹ́ ìyá yìí ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì a sì máa di ẹrù sínú àpótí ránṣẹ́ sí i. Ṣùgbọ́n nígbà tí ogun Ìjàyè bẹ́ sílẹ̀ ní 1860, ọ̀nà etí òkun dí fún nǹkan bí ọdún márùn-ún. Àpótí kò lè dé mọ́, ìyà oúnjẹ sì jẹ àwọn ará Kúdẹtì dé ibi pé wọ́n ń ta ohun ìní wọn láti jẹun. Ìṣòro àánú tí ń ti òkèèrè wá nìyí. Bí ọ̀nà bá dí, àánú náà dúró. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n tí ó ti wọ inú ìka ọmọ, ogun kò lè dí ọ̀nà rẹ̀.

Kí n tó mú yín dé Abẹ́òkúta, ẹ jẹ́ kí a ré òkun kọjá díẹ̀, nítorí àwọn Kristẹni kan wà ní Amẹ́ríkà tí ẹgbẹ́ aránṣọ wọn jẹ́ àwòkọ́ṣe fún wa, tí ohun tí ó sì dé bá a jẹ́ ìkìlọ̀. Mennonite ni a ń pè wọ́n. Orúkọ náà ti ara Menno Simons wá, àlùfáà Ìjọ Pápá kan ní ilẹ̀ Hóláǹdì, tí ó kúrò nínú ìjọ náà ní 1536. Àwọn ènìyàn yìí kì í ṣe ìrìbọmi fún ọmọ ọwọ́, wọn kì í sì í gbé idà. Nítorí èyí a ṣe inúnibíni sí wọn gidigidi, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì sá lọ sí Amẹ́ríkà, níbi tí àwọn kan ti tẹ̀dó sí Pennsylvania láti 1683. Wọn kò ṣàjèjì sí orílẹ̀-èdè wa náà, nítorí láti 1958 ni àwọn ìjọ kan ní agbègbè Uyo ti ń jẹ́ orúkọ yìí.

Ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn obìnrin Mennonite bẹ̀rẹ̀ sí kóra jọ láti ilé dé ilé. Wọ́n ń gé aṣọ, wọ́n ń rán ẹ̀wù ọmọdé, wọ́n sì ń to ègé aṣọ pọ̀, kí wọ́n lè fi rán aṣọ ìbora fún aláìní. Nínú ọ̀pọ̀ ìjọ wọn nígbà náà, obìnrin kì í wàásù, kì í sì í jókòó nínú ìgbìmọ̀. Ṣùgbọ́n nídìí aṣọ, àwọn ni alága, àwọn ni akọ̀wé, àwọn ni akápò. Obìnrin kan wà ní Ohio tí ń jẹ́ Clara Eby Steiner. Ó kọ lẹ́tà káàkiri títí ó fi so àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké wọ̀nyí pọ̀ di ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì ńlá kan láàárín 1910 sí 1920. Wọ́n ń dá owó, wọ́n sì ń pinnu ohun tí wọn yóò fi owó náà ṣe.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ó tẹ̀lé e. Iṣẹ́ náà ń gbòòrò, owó sì ń wọlé, ọkàn àwọn ọkùnrin tí ń ṣàkóso iṣẹ́ míṣọ́nnárì kò sì balẹ̀. Ní ìparí àwọn ọdún 1920, ìgbìmọ̀ àwọn ọkùnrin gba àkóso ẹgbẹ́ náà. A yọ orúkọ míṣọ́nnárì kúrò lára rẹ̀, a sì sọ ọ́ di ìgbìmọ̀ àwọn aránṣọ lásán. Clara Steiner kú ní 1929. Àwọn obìnrin náà kò fi abẹ́rẹ́ sílẹ̀. Láti 1920 tí àwọn Mennonite ti dá ẹgbẹ́ ìrànlọ́wọ́ sílẹ̀ nítorí ìyàn ní ilẹ̀ Rọ́ṣíà, ẹ̀wù àti aṣọ ìbora láti ọwọ́ wọn ti ń bo àwọn tí ogun àti ebi lé kúrò nílé. Síbẹ̀ a kò gbọdọ̀ gbàgbé ohun tí a gbà lọ́wọ́ wọn. A gba iṣẹ́ ọwọ́ wọn tayọ̀tayọ̀, a sì kọ ìmọ̀ràn ẹnu wọn. Ẹ̀yin àgbà ìjọ, mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe jẹ́ kí a ṣe bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ yìí.

Ní Èkó tiwa, àwọn obìnrin tètè mọ̀ pé kíkójọ wọn ní agbára. Nínú àwọn ọdún 1920, àwọn obìnrin Èkó tí wọ́n mọ̀wé péjọ, wọ́n sì kówó jọ nítorí àtirí ilé-ẹ̀kọ́ gíga tí ìjọba yóò dá sílẹ̀ fún àwọn ọmọbìnrin. Aṣíwájú wọn ni ẹni tí a mọ̀ lẹ́yìn náà sí Lady Oyinkan Abayomi. Ní 1927 ni Queen's College ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀. Ẹ̀yin ará Yaba, àwọn ọmọbìnrin tí ẹ ń rí nínú aṣọ ilé-ẹ̀kọ́ náà láràárọ̀, èso ìpéjọ àwọn ìyá wọ̀nyẹn ni wọ́n.

Nísinsìnyí, mo dé Abẹ́òkúta. A bí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti níbẹ̀ ní 1900. Ó wà lára àwọn ọmọbìnrin tí ó kọ́kọ́ wọ Abeokuta Grammar School ní 1914, ó sì kàwé ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti 1919 títí di 1922. Ní 1925 ó fẹ́ Àlùfáà Israel Oludotun Ransome-Kuti, àlùfáà ìjọ Áńgílíkà bíi tèmi, ẹni tí ó di ọ̀gá àgbà Abeokuta Grammar School ní 1932. Ìyá yìí kó àwọn obìnrin jọ sínú ẹgbẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Abeokuta Ladies' Club. Onígbàgbọ́ ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn, wọ́n sì mọ̀wé. Wọ́n ń kọ́ aṣọ rírán àti oúnjẹ sísè, wọ́n sì ń ṣe iṣẹ́ àánú. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá wọ ìpàdé wọn nígbà náà, ìbá ṣe bí ẹni pé ó wọ ìpàdé ẹgbẹ́ ti ara rẹ̀ ní Surulere.

Ní 1944 ni nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Obìnrin ọlọ́jà kan ń wá ẹni tí yóò kọ́ òun ní ìwé kíkà. A ń pìtàn pé obìnrin yìí a máa di ìwé orin mú nínú ṣọ́ọ̀ṣì bí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n orí ìwé náà ni ó ń dojú kọ ilẹ̀, nítorí kò mọ̀ ọ́n kà. Ẹ rò ó wò, ẹ̀yin ará. Ọjọ́ ìsinmi mélòó ni obìnrin náà ti dúró láàárín ìjọ, tí ó ń la ẹnu, tí ojú sì ń tì í? Ẹgbẹ́ náà ìbá fún un ní ẹ̀wù tuntun kí ó fi bo ìtìjú rẹ̀. Dípò èyí, wọ́n ṣí ẹ̀kọ́ ìwé kíkà sílẹ̀ fún àwọn ọlọ́jà. Òun àti irú rẹ̀ wọlé, wọ́n sì jókòó.

Nígbà tí ọlọ́jà bá sì jókòó tì yín, ohun tí ó wà nínú rẹ̀ kò ní pẹ́ jáde. Ìgbà Ogun Àgbáyé Kejì ni. Ìjọba ń ṣòfin lórí oúnjẹ, àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ a sì máa gba ìrẹsì lọ́wọ́ àwọn obìnrin tí ń tà á. Àwọn ìyá tí wọ́n mọ̀wé kò mọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀ ní ọjà, nítorí ọmọ-ọ̀dọ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń rán níṣẹ́ lọ sí ọjà. Láti ẹnu àwọn tí wọ́n wá kọ́ ìwé ni wọ́n ti gbọ́. Wọ́n kọ̀wé sí ìjọba, wọ́n fi ọ̀rọ̀ náà hàn nínú ìwé ìròyìn, nínú ọdún 1945 náà sì ni gbígba ìrẹsì dáwọ́ dúró. Wàyí o, wọ́n wo orúkọ tí wọ́n ń jẹ́, wọ́n sì rí i pé ó ti há jù fún wọn. Ní 1946 wọ́n yí i padà sí Abeokuta Women's Union, ẹgbẹ́ gbogbo obìnrin, mọ̀wé-mọ̀ọ́kà àti aláìmọ̀ọ́kà. Kì í sì í ṣe orúkọ nìkan ni a yí padà. Ìyá Ransome-Kuti fúnra rẹ̀ bọ́ kaba òyìnbó sílẹ̀, ìró àti bùbá ni ó ń lò láàárín àwọn obìnrin rẹ̀, kí ó má baà sí ẹni tí yóò ro ara rẹ̀ sí kékeré nítorí aṣọ. Ẹ̀yin aránṣọ, ẹ wo agbára tí aṣọ ní. Aṣọ kan lè bo ni, ó sì tún lè ya ni sọ́tọ̀.

Ọ̀rọ̀ tí ó wá tẹ̀lé ìrẹsì ni owó orí. Láti 1918 ni àwọn obìnrin Ẹ̀gbá ti ń san owó orí tiwọn lọ́tọ̀, yàtọ̀ sí ti ọkọ wọn. Ọmọbìnrin tí ó bá pé ọdún 15 wà lábẹ́ òfin yìí, bẹ́ẹ̀ ni obìnrin kan ṣoṣo kò sì sí nínú ìgbìmọ̀ tí ń pinnu iye rẹ̀. Ní 1947 ẹgbẹẹgbẹ̀rún obìnrin yí ààfin ká, wọ́n ń kọrin, wọ́n ń sọ ẹ̀dùn ọkàn wọn. Ní 1948 a dá owó orí àwọn obìnrin dúró, ní ọdún náà sì ni Aláké, Sir Ladapo Ademola Kejì, ẹni tí ó ti wà lórí ìtẹ́ láti 1920, fi Abẹ́òkúta sílẹ̀. Ní oṣù kìn-ín-ní 1949 ó kọ̀wé fi ipò sílẹ̀. Ní ìparí 1950 ó tún padà sórí ìtẹ́ baba rẹ̀. Èmi kò dìde láti dá ẹjọ́ Ọba. Òkè ìtẹ́ ní ẹrù tirẹ̀, òfin ìjọba òyìnbó sì ni ó gbé gbogbo ẹrù náà lé ẹnìkan lórí. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ rí ni pé kò sí ẹni tí ó ń wá ìjà nígbà tí a kọ́kọ́ péjọ. Àánú ni wọ́n ń wá. Àánú náà ni ó mú wọn lọ tààrà sí ibi tí ìyà ti ń wá.

Ẹ̀yin ará Mushin mọ Ìdí-Òro àti Moshalashi dáadáa. Ní oṣù kejì 1977, ìyá yìí wà ní ilé ọmọ rẹ̀, Fẹlá, níbẹ̀, nígbà tí àwọn ọmọ ogun ya wọ ilé náà, tí wọ́n sì dáná sun ún. A jù ú láti ojú fèrèsé òkè. Kò gbádùn mọ́ lẹ́yìn náà, ó sì kú ní oṣù kẹrin 1978. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń kọjá ní ibẹ̀ lójoojúmọ́ nínú ọkọ̀, wọn kò sì rántí pé ibẹ̀ ni a ti ṣe obìnrin tí ó kọ́ àwọn ọlọ́jà ní A, B, D léṣe.

Mo gbọ́ ìbéèrè kan tí ó wà ní ọkàn àwọn kan nínú yín. Ẹ ń wí pé, “Àlùfáà, kí ló kan ẹgbẹ́ aránṣọ kan owó orí? Kí olúkúlùkù dúró sí ààyè rẹ̀.” Ìbéèrè ọlọ́gbọ́n ni, èmi kò sì fẹ́ kí ẹgbẹ́ ìjọ di ẹgbẹ́ òṣèlú. Ṣùgbọ́n ẹ wo ó báyìí. Opó kan ń ta ìrẹsì. A ń gba ìrẹsì rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ rán bùbá fún un ní ọjọ́ Kérésìmesì, ó sì dúpẹ́. Ọdún kejì, bùbá náà ti gbó, a sì tún ń gba ìrẹsì rẹ̀. Ẹ ó ha máa rán bùbá títí ayé, láìbi í léèrè ìdí tí kò fi lè ra aṣọ fúnra rẹ̀? Ẹni tí ó bá fẹ́ràn opó náà yóò bi í. Bí ó bá sì bi í, tí ó sì gbọ́ ìdáhùn, kò ní lè sùn.

Ó ku ọ̀rọ̀ tí ó kan àwa tí a wà nínú gbọ̀ngàn yìí. Abẹ́rẹ́ kò wọ́n ní àárín wa. Kò sí àjọ̀dún, kò sí ìkórè, kò sí ìsìnkú, tí a kì í rán aṣọ fún. Aṣọ ẹgbẹ́ ti ọdún yìí kò ní jẹ́ ti èṣí. Èmi kò sọ pé aṣọ ẹgbẹ́ burú, nítorí ó ń fi ìṣọ̀kan hàn. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹgbẹ́ bá ń rán aṣọ fún ara rẹ̀ nìkan, tí opó inú ìjọ sì ń jókòó sẹ́yìn nítorí kò lè san owó aṣọ náà, a ti sọ abẹ́rẹ́ Dọ́káàsì nù. Ẹ sì wo òkìtì òkìríkà ní ọjà Yaba. Púpọ̀ nínú aṣọ irú bẹ́ẹ̀, ẹni tí ó ṣàánú ni ó kọ́kọ́ fi í sílẹ̀ ní òkè òkun, kí ó tó di ọjà lọ́wọ́ oníṣòwò. Aṣọ lásán kò ṣọ̀wọ́n mọ́ bí ó ti ṣọ̀wọ́n ní ìgbà Anna Hinderer. Ohun tí ó ṣọ̀wọ́n ni ẹni tí yóò jókòó tì wá.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni mo bẹ̀ yín fún. Èkíní, kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ lóṣooṣù fún aṣọ rírán nínú gbọ̀ngàn ìjọ, kí a sì pe opó, ọmọ-iṣẹ́ télọ̀ tí kò ní ẹ̀rọ, àti ìyá aláte inú àdúgbò wá jókòó gẹ́gẹ́ bí ẹlẹgbẹ́, kì í ṣe gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ń gba ọrẹ. Èkejì, kí ẹni tí ó mọ iṣẹ́ kọ́ ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, kí ó lè lọ fi ọwọ́ ara rẹ̀ jẹun. Ẹ̀kẹta, ẹ̀yin àgbà ìjọ, owó tí àwọn ìyá wọ̀nyí bá dá jọ, ẹ jẹ́ kí akápò wọn tọ́jú rẹ̀, kí wọ́n sì pinnu ohun tí wọn yóò fi ṣe. Kí wọ́n mú ìṣirò rẹ̀ wá síwájú ìjọ bí gbogbo ẹgbẹ́ ti ń ṣe, ṣùgbọ́n kí a má gbà á lọ́wọ́ wọn.

Àwọn baba wa ní, abẹ́rẹ́ á lọ kí ọ̀nà okùn tó dí. Àwọn ìyá Abẹ́òkúta ti ki abẹ́rẹ́ bọ ọ̀nà, okùn náà sì ti dé ọwọ́ wa.  Kí Ọlọ́run bùkún iṣẹ́ ọwọ́ yín. Àmín.